Ẹjọ́ Ilẹ̀ Nínú Pálọ̀

Àwọn baba wa ló sọ ọ́ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí a bá gbà pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, a ní láti gbà pẹ̀lú pé sinimá tí a wò tí a kò fèsì sí dà bí ẹjọ́ tí a gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan ṣoṣo. Ẹni tó ṣe sinimá ti ro ẹjọ́ tirẹ̀. Ó fi orin gbè é, ó fi aṣọ àti ìmọ́lẹ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì fi ikú tàbí ìgbéyàwó parí rẹ̀ bó ti wù ú. Níbo ni a ti ń gbọ́ ẹjọ́ ìhà kejì? Èrò tèmi ni pé inú ilé wa ni, nínú pálọ̀, láàárín àwọn ènìyàn tó mọ ara wọn dunjú, tí wọ́n sì lè já ara wọn ní koro. Sinimá kan àti àdúgbò kan ni mo fẹ́ fi ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Sinimá náà ni Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1993. Àdúgbò náà ni Creek Road, níbi tí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ti fara kanra.

Etí omi ni Creek Road wà, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn. Ní apá kan, Àpápá ni, pẹ̀lú èbúté, ilé ìkẹ́rùsí, ilé iṣẹ́ ńláńlá àti ọgbà àwọn tí ọwọ́ wọn tẹ́nu. Ní apá kejì, Ajégúnlẹ̀ ni, níbi tí Yorùbá, Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò àti Haúsá ti jọ ń gbé inú ilé oníyàrá tó kọjú síra. Ajé sì ń gúnlẹ̀ sí àgbègbè náà lóòótọ́: ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá ń dúró ní Àpápá, tàbí ní èbúté Tin Can tí wọ́n ṣí ní 1977. Ṣùgbọ́n ajé kì í pẹ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù ní í gbé e lọ sí ibòmíràn. Ohun tó ń kù fún àwọn tó rù ú sílẹ̀ ni owó iṣẹ́ òòjọ́, àti àǹfààní láti tètè fojú kan ohun tuntun tí òyìnbó bá ṣe.

Tẹlifíṣàn wà lára irú ohun tuntun bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 31 Oṣù Kẹwàá 1959 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí, ṣí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn sí Ìbàdàn. Ní 1962 ni ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní ìgbà náà, ilé olówó nìkan ni ènìyàn ti ń rí i. Owó Udoji ló gbé e dé ilé òṣìṣẹ́. Ní 1974 ni ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji darí jábọ̀ lórí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí wọ́n san àfikún náà pọ̀ mọ́ èyí tó ti kọjá, ẹni tí kò ra tẹlifíṣàn ra rédíò ńlá, ẹni tí kò ra méjèèjì ra fìríìjì. Síbẹ̀, tẹlifíṣàn kì í ṣe ti ẹnìkan ní ilé oníyàrá púpọ̀. Ẹni tó rà á ló ni àpótí rẹ̀. Gbogbo ilé ló ni àwòrán inú rẹ̀. Àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀, àwọn àgbà gba àga, àwọn tó pẹ́ dé sì ń yọjú láti ojú fèrèsé.

Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò lè gbàgbé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Ẹ jẹ́ ká mú The Village Headmaster, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, tó sì wà lójú tẹlifíṣàn títí di àwọn ọdún 1980. Abúlé kan ni ìtàn náà dá lé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ jù níbẹ̀. Nínú ilé tí mo ń sọ yìí, ọmọ tó ti wọ ilé ìwé girama ló ń túmọ̀ fún ìyá àgbà. Ògbufọ̀ náà kì í sì í túmọ̀ lásán. Bí Kábíyèsí bá sọ gbólóhùn mẹ́ta, ọmọ á túmọ̀ ọ̀kan, á fi méjì tirẹ̀ kún un: "Wọ́n ní kí ọ̀gá ilé ìwé wá sí ààfin. Ó jọ pé wọ́n fẹ́ tàn án ni, ìyá àgbà." Ìyá àgbà á ní, "Ọba kọ́ ló ń tàn án, ọmọ mi. Àwọn ìjòyè ló ń tan ọba." Báyìí ni obìnrin tí kò gbọ́ èdè eré náà ṣe máa ń dá a lẹ́jọ́, tí ìdájọ́ rẹ̀ sì máa ń tọ̀nà ju ti àwa tí a gbọ́ ọ lọ. Mo gbà títí di òní pé ògbufọ̀ inú pálọ̀ ni alárìíwísí àkọ́kọ́ tí tẹlifíṣàn wa ní.

Sinimá Yorùbá kò kọ́kọ́ wọ ilé. Ìta ni a ti ń lọ wò ó. Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde ní 1976 pẹ̀lú Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love. Hubert Ògúńdé gbé Ayé jáde ní 1979 àti Jáyésinmi ní 1980. Gbọ̀ngàn Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè tí wọ́n parí ní Ìgànmú ní 1976 kò jìnnà sí Ajégúnlẹ̀; aṣọ ọdún ni ènìyàn ń wọ̀ lọ síbẹ̀. Nínú òkùnkùn gbọ̀ngàn náà, àwọn ènìyàn ń pariwo, wọ́n ń ṣépè fún àjẹ́ inú eré, wọ́n sì ń kìlọ̀ fún ẹni tí ewu ń bọ̀ wá bá. Ṣùgbọ́n ariwo yàtọ̀ sí àríyànjiyàn. Bí iná bá tàn, oníkálùkù ń wá ọkọ̀ tí yóò wọ̀ lọ sílé ni.

Ohun méjì ló mú wa padà sílé. Èkíní ni ìbẹ̀rù olè ní òru Èkó. Èkejì ni owó. Láti 1986, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, náírà ń já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fọ́nrán sinimá, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì ń fi sanwó rẹ̀. Apá àwọn eléré kò ká a mọ́. Ẹ̀rọ fídíò ti wà nínú ilé lásìkò náà, kásẹ́ẹ̀tì sì rọrùn láti rà. Ní 1989, Kenneth Nnebue, oníṣòwò ọmọ Ìgbò, náwó lé Àjẹ́ Ni Ìyá Mi, eré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí I Sho Pepper. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ní 1992, òun náà ló gbé Living in Bondage jáde ní èdè Ìgbò. Àwọn tó ń kọ ìtàn pé inú Living in Bondage ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gbàgbé pé orí eré Yorùbá ni oníṣòwò náà ti kọ́kọ́ dán ọjà wò.

Kí n tó dé orí ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Ní 1982, Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, gbé Ọ̀run Móoru jáde. Owó ńlá ló fi ṣe é. Kí sinimá náà tó rí owó rẹ̀ padà, àwọn olè ti da á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Ọkùnrin tó ń pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín wọ gbèsè. Èmi náà wo irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Mo yá a ní ṣọ́ọ̀bù kan, mo sanwó alẹ́ kan, mo pe àwọn ará ilé, a sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wa. Kò sí ẹni tó béèrè bí kásẹ́ẹ̀tì ṣe dé ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, bí mo ti ń yin pálọ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé ẹjọ́, ẹ rántí pé nígbà mìíràn adájọ́ fúnra rẹ̀ ni ó gba ẹrù olè.

Túndé Kèlání ti ṣiṣẹ́ kámẹ́rà ní tẹlifíṣàn àti lórí sinimá àwọn àgbà eléré fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó dá iléeṣẹ́ Mainframe sílẹ̀. Nígbà tí Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ dé pálọ̀ wa, ní ilé kan tí kò jìnnà sí Creek Road, a mọ̀ kíá pé ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ló ṣe é. Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Ọ̀tún Aṣiyanbí àti àwọn méjì mìíràn ta ilẹ̀ àjogúnbá, ilẹ̀ ọ̀wọ̀, fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé epo sí i. Ikú mú ọ̀kan, ó mú èkejì, Ọ̀tún sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún tirẹ̀. Karíìmù Adépọ̀jù, Bàbá Wándé, ló ṣe Ọ̀tún. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú sinimá náà nìyí: ọ̀dàlẹ̀ ni Ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rù rẹ̀ ń pa wá lẹ́rìn-ín, débi pé, bí ó ti ń sá kiri, a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbàdúrà kí ó ríbi gbà. Eléré tó lè mú wa káàánú ẹni tí a mọ̀ pé ó jẹ̀bi, ó tó gbangba sùn lọ́yẹ́.

Àárín eré ni iná lọ. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Èkó mọ̀ pé bí iná bá lọ, ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá onílé wa, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní èbúté kí ó tó fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn. Ó bi wá pé, "Ẹ ní ti Olúwa ni ilẹ̀. Olúwa wo?" A rò pé àwàdà ni. Ọ̀kan nínú wa dáhùn pé, "Olúwa Ọlọ́run ni, Bàbá." Wọ́n ní, "Ní ibi tí ẹ jókòó sí yìí, ó yẹ kí ẹ mọ Olúwa kejì."

Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ní alẹ́ ọjọ́ náà wà nínú ìwé òfin títí di òní. Olúwa jẹ́ oyè kan láàárín àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun tí ilẹ̀ Èkó wà ní ìkáwọ́ wọn. Ní 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Àpápá lọ́wọ́ Àmọ́dù Tìjání, ẹni tó wà lórí oyè Olúwa, wọ́n ní ìlú ni àwọn fẹ́ fi ilẹ̀ náà tún ṣe. Olóyè ní kí wọ́n san owó ilẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní Èkó dá a pé olóyè kò ni ilẹ̀; àbójútó lásán ló ní, owó àbójútó nìkan ló sì tọ́ sí i. Olóyè Olúwa kò gbà. Ní 1920, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní Oṣù Keje 1921, Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún àwọn ìlú abẹ́ àṣẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì, yí ìdájọ́ Èkó padà. Wọ́n ní àwọn ará ìlú ló ni ilẹ̀, pé olóyè dì í mú fún wọn, àti pé ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ olówó ilẹ̀.

Ẹ wo bí ìtàn méjèèjì ṣe ko ara wọn lójú. Ọ̀tún inú sinimá ta ilẹ̀ gbogbo ènìyàn bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Olóyè Olúwa rin ìrìn àjò orí òkun láti fi hàn pé ilẹ̀ kì í ṣe ti ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti òun nìkan. Òfin kan náà ni méjèèjì ń sọ: ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnìkan ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tà. Títí dé ibẹ̀, mo gbà pé sinimá Kèlání ro ẹjọ́ rẹ̀ dáadáa, àti pé ìtàn Àpápá jẹ́rìí sí i.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí mìíràn wà nínú pálọ̀. Ìyá kan tó ń ta ẹja, ọmọ Ìlàjẹ, tó gba yàrá kan ní ẹ̀yìn ilé, kò tíì sọ nǹkan kan. Máròkó ni wọ́n ti ń gbé tẹ́lẹ̀. Ní Oṣù Keje 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó kó katakata lọ sí Máròkó, wọ́n sì wó o palẹ̀. Àwọn tó di aláìnílé lójú ẹsẹ̀ tó nǹkan bí 300,000, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí a ti ń gbọ́ láti ìgbà náà. Lẹ́yìn náà ni ilé àwọn olówó dìde lórí ilẹ̀ ọ̀hún. Ìyá yìí ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, nínú eré yìí, àwọn tó ta ilẹ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wó ilé wa ní Máròkó, ikú wo ló pa wọ́n?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Èmi, tí mo ka ara mi kún ọ̀mọ̀wé ilé náà, ni mo dà á sẹ́nu pé, "Eré ṣá ni, ìyá." Ìyá náà kò bá mi jiyàn. Iná dé, a wo eré tán, oníkálùkù sì wọlé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èsì òpè tí mo fọ̀ yẹn fi ń dùn mí. Ìyá béèrè ìbéèrè tó jinlẹ̀ jù tí ènìyàn lè béèrè lórí sinimá náà, mo sì fi ọ̀rọ̀ tí a fi ń pa ọmọdé lẹ́nu mọ́ dá wọn lóhùn.

Èsì tó yẹ kí n fọ̀ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ fọ̀ níbí. Ìyá jàre. Sinimá náà jẹ́ òtítọ́ nípa ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú ẹ̀san rọrùn jù. Ó jẹ́ kí a jókòó, kí a máa retí àwọn tó ti kú pé kí wọ́n bá wa jà. Ní Àpápá, àwọn òkú kò jà fún Olóyè Olúwa. Ọdún mẹ́jọ ló wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n gba ilẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nínú ọdún mẹ́jọ náà, owó ni wọ́n ná, agbẹjọ́rò ni wọ́n bẹ̀, òkun ni wọ́n sì là kọjá. Ìyá tó wà ní Máròkó kò ní oyè, kò ní owó ọkọ̀ ojú omi, àwọn ológun tó wó ilé wọn sì wà lórí àga. Bí a bá ń sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé ilẹ̀ yóò bá wọn gbẹ̀san, ìtùnú olówó ni a ń fún tálákà.

Mo rò pé Kèlání fúnra rẹ̀ tẹ̀ síwájú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1999, ọdún tí àwọn ológun fi ìjọba sílẹ̀, ó gbé Ṣaworoidẹ jáde, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Ní ìlú Jogbo, ọba kan gun orí ìtẹ́ láìṣe ètùtù tó yẹ kí ó so ó pọ̀ mọ́ ìlú. Ó ń ta igi igbó fún àwọn agégẹdú, ìlú ń jìyà, ológun kan sì dìde gba ìjọba. Agbára wà nínú ìlù onídẹ náà lóòótọ́, agbára tó lè pa ọba ọ̀dàlẹ̀. Àmọ́ ìlù kì í lu ara rẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ pa á mọ́, ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé e wọ ìlú, ẹnìkan gbọ́dọ̀ lù ú lójú gbogbo ayé. Ohun tí mo rí níbẹ̀ tí n kò rí ní 1993 nìyí. Láàárín sinimá kan àti èkejì, ẹ̀san ti kúrò lọ́wọ́ àwọn òkú, ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn alààyè. N kò lè sọ pé ẹnikẹ́ni gbé ìbéèrè ìyá ẹlẹ́ja lọ bá Kèlání. Mo kàn mọ̀ pé èmi gan-an kì bá má rí ìyàtọ̀ náà bí kì í bá ṣe ti ìbéèrè wọn.

Nítorí náà ni n kò ṣe fojú kékeré wo èrò tí ènìyàn ń sọ lórí eré nínú ilé ara rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ ìwé púpọ̀ lórí Ògúńdé àti Kèlání, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ìyá àgbà lórí Kábíyèsí, ìbéèrè Bàbá onílé lórí Olúwa, àti ti ìyá ẹlẹ́ja lórí ikú, ta ló kọ wọ́n sílẹ̀? Ìtàn sinimá wa kò pé láìsí wọn. Ìdajì rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Ìdajì kejì wà lẹ́nu àwọn tó jókòó lórí àga àti lórí ẹní.

Láyé òde òní, eré Yorùbá pọ̀ ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Láti 2010 ni ìkànnì Africa Magic ti Yorùbá ti wà lórí tẹlifíṣàn, fóònù sì ti gbé eré wọ inú àpò. Mo máa ń rí ilé tí ènìyàn márùn-ún jókòó sí yàrá kan, tí olúkúlùkù ń wo eré tirẹ̀, tó fi okùn sétí. Kò sí ògbufọ̀, kò sí ẹni tó ń béèrè pé Olúwa wo. Ó jẹ́ kí ilé dákẹ́ rọ́rọ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì dára fún ẹni tó fẹ́ sùn. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ìhà kan la fi ń kún etí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá wo eré tán lálẹ́ òní, ẹ yọ okùn kúrò létí, kí ẹ bi ẹni tó jókòó tì yín ní èrò rẹ̀. Bí ìbéèrè tó bá bi yín padà bá ju agbára yín lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dá a lóhùn pé eré ṣá ni.